Màmá mi ń pè mí lólè: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú òbí tí iyè wọn ti ń ra, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Kíkà ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kì í dá sí i, àmọ́ lálẹ́ òní ọ̀rọ̀ ti kún mi nínú, mi ò sì rẹ́ni bá sọ ọ́. Màmá mi ti pé ọdún 78. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin tó jẹ́ pé tó bá kàn wo èèyàn lójú lásán, ara onítọ̀hún á ti máa gbọ̀n. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó fi ṣẹ̀rín. Wọ́n á gbé omi kaná, wọ́n á gbàgbé títí ìkòkò á fi jóná, a ó ní àgbà ló dé. Àfi bó ṣe di ọdún tó kọjá tí wọ́n sọnù láàárín ṣọ́ọ̀ṣì sí ilé, ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn láti bí ọgbọ̀n ọdún, ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì ló mú wọn wálé.

Dọ́kítà tá a gbé wọn lọ bá ní dementia ni, àìsàn tó ń ba iyè àgbàlagbà jẹ́, ó kọ oògùn, ó ní oògùn ò lè wò ó sàn, ó kàn lè dín in kù fúngbà díẹ̀, ó tán. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ohun tí mo fẹ́ lọ bá nílé.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn, èmi nìkan ni mo sì wà nílé. Bọ̀ọ̀dá mi wà ní Houston, àǹtí mi wà ní Manchester, wọ́n ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ owó kì í jí dìde láago méjì òru. Owó kì í fọ ìgbẹ́ kúrò lára ògiri.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ olè. Wọ́n á kó owó wọn bọ inú gààrí, wọ́n á gbàgbé, wọ́n á wá bọ́ síta lọ máa pariwo fáwọn ará àdúgbò pé "ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi yìí ti jí mi lówó". Ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi! Tó bá sì ti di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n á di ẹrù, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé bàbá àwọn ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ilẹ̀ ń ṣú lọ, ìyá àwọn á ti máa wá àwọn. Inú ilé tí wọ́n fowó ara wọn kọ́ ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo gbá wọn lọ́wọ́. Ẹ má bínú sí mi. Mo ń pààrọ̀ aṣọ fún wọn, wọ́n tutọ́ sí mi lójú, kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti lọ. Wọ́n kàn ń wò mí ni, bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà mi ò rí oorun sùn. Ìyá kan nínú ẹbí wa tún wá dé, ó ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́, ká gbé wọn lọ sórí òkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kò fi pa yín?

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Àbẹ̀kẹ́, pẹ̀lẹ́. Omijé bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á, torí èmi náà ti gbá ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ rí, mi ò sọ fẹ́nikẹ́ni títí wọ́n fi kú, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú wọn. Àwọn àgbà ní òkété tó bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, òótọ́ ni, wọn ò kàn sọ fún wa pé òkété náà lè gé ọmú jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ olè yẹn, má dáhùn sí i bí ẹni tó ń jẹ́jọ́. Mo mọ̀ pé ó ń dunni wọra, àmọ́ wò ó báyìí: wọ́n fi owó pamọ́, iyè wọn ò wá rántí pé àwọn làwọn fi pamọ́. Nínú ọkàn tiwọn, owó wà níbí lánàá, kò sí níbẹ̀ mọ́ lónìí, ìwọ nìkan lo sì wà nílé. Ta ni kí wọ́n mú? Ìwọ náà ì bá mú ẹnìkan. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa la ojú sílẹ̀, mo máa ní "Háà! Owó tó tó èyí! Ẹ jẹ́ ká jọ wá a." A ó jọ wá a. Èmi ti mọ ibi tó wà, àmọ́ mo máa jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn rí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i báyìí, àdúrà tí wọ́n máa ṣe fún mi, ẹ̀yin!

Nígbà tó yá, mo ra pọ́ọ̀sì méjì tó jọra, mo kó náírà wẹ́wẹ́ sínú méjèèjì, ogún náírà, àádọ́ta náírà, kó ṣáà nípọn. Tí ọ̀kan bá sọnù, èkejì á ti yọ. Owó gidi wà lọ́dọ̀ ọkọ mi.

Ohun kejì: ẹ fi aṣọ bo dígí inú yàrá. Ìyá ọkọ mi máa ń bá obìnrin kan jà nínú dígí tó ní òun ò ní kúrò nílé òun. Ọjọ́ tá a bò ó ni obìnrin náà ṣe lọ.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 34 kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí, ó gùn díẹ̀.

Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà tó ń ṣarán ló ní àìsàn tí ò gbóògùn. Ẹ̀jẹ̀ tí ò ní vitamin B12 tó, ọ̀rọ̀ thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú orí lẹ́yìn tí èèyàn ṣubú ní balùwẹ̀ tí kò sì sọ fẹ́nikẹ́ni, gbogbo wọn lè jọ ọ́, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Torí náà bí wọn ò bá tíì yẹ àwọn nǹkan yẹn wò fún Mama, ẹ padà lọ. Èkejì, bó bá jẹ́ pé ọjọ́ méjì mẹ́ta péré ni nǹkan fi yí padà, ẹni tó ń sùn dáadáa tẹ́lẹ̀ tó wá ń pariwo, tó ń rí ohun tí ò sí níbẹ̀, ẹ má sọ pé àìsàn iyè yẹn ló le sí i. Ìtọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àìsàn ojú ìtọ̀ máa ń da orí arúgbó rú pátápátá láìsí ibà kankan. Ibà fúnra rẹ̀ náà ń ṣe é, àìmu omi tó ń ṣe é, àìrí ìgbẹ́ yà ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi lórí èyí. Ẹ má fún wọn ní Piriton kí wọ́n lè sùn. Mo mọ̀ pé gbogbo kẹ́místì ló ń tà á, mo mọ̀ pé ó ń mú ọmọdé sùn, àmọ́ àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ ń da ọpọlọ tó ti rẹ̀ láàmú sí i. Valium àti Lexotan tí wọ́n ń lò fún oorun náà, òòyì máa kọ́ wọn lóru, wọ́n á dìde lọ tọ̀, wọ́n á ṣubú, egungun ìbàdí á kán, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù nìyẹn.

Ní ti àjẹ́. Ní ọdún 1992, àwọn dọ́kítà tiwa ní Ìbàdàn àtàwọn ti Indiana University jọ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan, Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára wọn, Àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé bá àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Indianapolis l'Ámẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2001, nínú 100 àgbàlagbà, ẹni tí Alzheimer's, irú dementia tó wọ́pọ̀ jù, ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ lọ́dún ní Ìbàdàn lé díẹ̀ ní ẹnì kan, ti Indianapolis jẹ́ bí ẹni méjì àtààbọ̀. Tiwa kéré o, àmọ́ ó wà. Ẹ wá sọ fún ìyá ẹbí yín yẹn pé ti Indianapolis ńkọ́, ṣé àjẹ́ Ìdíkàn ló wọ bàálù lọ síbẹ̀ ni? Àìsàn ni, kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Mo ti rí ìyá arúgbó tí wọ́n lù torí ohun tó sọ nínú àìsàn yìí, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ níbẹ̀.

Ìwọ tó o wà ní Mọ́kọ́lá, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ìbàdàn, ò jìnnà sí ẹ, wọ́n ti ṣí i láti 2012. Gbé wọn lọ síbẹ̀, kọ gbogbo ìbéèrè rẹ sínú ìwé kó o tó lọ, má sì dìde lórí àga títí wọ́n á fi dáhùn wọn tán.

Ajíhìnrere_Ayọ̀

Arábìnrin, mi ò bá nọ́ọ̀sì jiyàn, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tó ju ti dọ́kítà lọ. Ẹ máa gbàdúrà fún Mama, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ajíhìnrere, èmi náà ń gbàdúrà. Àdúrà tí wọ́n ń gbà fún èèyàn nínú ilé rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó ti jẹun, tó ti lo oògùn rẹ̀, ìyẹn dáa. Èyí tí wọ́n ń fi ebi pa ìyá ọdún 78 fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n ń dè é mọ́lẹ̀, mi ò sí níbẹ̀.

Ajíhìnrere_Ayọ̀

Èmi náà ò sí níbẹ̀ o. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tiẹ̀ lè wá jókòó ti Mama ní ọjọ́ Sátidé kan kí arábìnrin lè sinmi, tó bá jẹ́ pé Ìbàdàn náà ni.

Tísà_Túndé_Àkúrẹ́

Ọkùnrin ni mí, èmi nìkan ni màmá mi bí, mi ò sì tíì níyàwó, torí náà èmi ni mo ń wẹ̀ fún wọn. Mo ń sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan wà tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí tójú ń tì. Lákọ̀ọ́kọ́, màmá mi kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ bo àyà, wọ́n ní "ọkùnrin wo nìyí", mo wá lọ sí kọ̀rọ̀ lọ sunkún. Àgbà obìnrin kan ládùúgbò ló kọ́ mi pé kí n má bọ́ gbogbo aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n jẹ́ kí wọ́n ró ìró tó ti gbó, kí n máa wẹ̀ ẹ́ láti ẹsẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kí ìró wà lára wọn, kí n fún wọn ní kànìnkànìn kí wọ́n fọwọ́ ara wọn fọ ibi tọ́wọ́ wọn bá dé. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ dúdú tí wọ́n mọ òórùn rẹ̀ láti kékeré, kì í ṣe ọṣẹ olóòórùn ìlú òyìnbó. Mi ò sì ní "ẹ wá wẹ̀" mọ́, mo máa ní "Màámi, ọjà Ọba ti ń kún o, ẹ múra". Alájàpá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n á dìde fúnra wọn.

Ní ti ìrìn ìrọ̀lẹ́, mi ò lè tì wọ́n mọ́lé, àgádágodo ń mú wọn bínú jù, wọ́n ń fi orí gbá ilẹ̀kùn. Mo kàn lọ bá gbogbo àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta wa, ìyá oníàkàrà, ọmọ Hausa tó ń ta súyà, mo fi fọ́tò Màámi hàn wọ́n, mo fún wọn ní nọ́ńbà mi, mo sì fi òwú kọ nọ́ńbà náà sí ẹ̀yìn ọrùn gbogbo bùbá wọn. Wọ́n ti dá wọn padà fún mi ní ìgbà mẹ́rin. Ẹ má tọ́jú èèyàn yín ní bòńkẹ́lẹ́ nítorí ìtìjú. Ẹni tí àdúgbò ò bá mọ̀ pé nǹkan ń ṣe, àdúgbò ò ní dá a padà.

Alhaji_Ṣakí

Assalamu alaykum. Ìyàwó mi ni tèmi, ó ti pé ọdún 46 tá a ti fẹ́ra. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀ ń sọ ti olè, ó dáa. Èmi, ó ní mo ń kó obìnrin wọlé. Èmi tí orúnkún ò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn! Ó pe àwọn àna mi jọ, ó fi mí sùn, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń bá mi wí, mo wo ilẹ̀. Ìgbà tó yá ni ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sọ fún mi pé obìnrin tí dókítà ará Jámánì yẹn, Alois Alzheimer, kọ́kọ́ rí àìsàn yìí lára rẹ̀, Auguste ni wọ́n ń pè é, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára tirẹ̀ náà nìyẹn, ó ń jowú ọkọ rẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe, ọkọ náà tọ́jú rẹ̀ nílé títí kò fi lágbára mọ́, ó wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Frankfurt ní 1901. Akọ̀wé rélùwéè ni ọkọ náà. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo máa ń rò ó lóru. Pé ọkùnrin kan ti jókòó bí mo ṣe jókòó yìí, kó tó di pé wọ́n bí bàbá mi.

Ohun tí mo ń ṣe: tó bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò búra mọ́, mi ò gbé Kùránì mọ́. Mo kàn ń sọ pé "Ìyàwó mi, ìwọ nìkan ni mo ní", mo máa dì í lọ́wọ́ mú. Ìgbà míì ó ń gbà, ìgbà míì ó ń já a gbà.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Peckham

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú òyìnbó, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Màmá mi ti gbé London fún ogójì ọdún, òyìnbó tí wọ́n ń sọ dán ju tèmi lọ. Àìsàn yìí ló kọ́kọ́ kó òyìnbó náà lọ. Nǹkan tí wọ́n kọ́ gbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ lọ, èyí tí wọ́n bí wọn mọ́ ló ń kù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá wẹ̀ fún wọn sọ pé Màmá ti ń dákẹ́ jù, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu wọn o, Yorùbá ni kò sí létí àwọn tó ń gbọ́. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ bí ogún sára ògiri: omi, ìtọ̀, ebi, ó ń dùn mí, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọmọ Poland kan tó ń wá láàárọ̀ máa ń kúnlẹ̀ báyìí sọ pé "Ẹ kàárọ̀ mà". Màmá mi máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ní ti ìwé: Lasting Power of Attorney, ìwé tí wọ́n fi ń yan ẹni tó máa ṣèpinnu fún wọn, ẹ ṣe é nígbà tí wọ́n ṣì mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí, tó bá ti kọjá ìgbà yẹn, ilé ẹjọ́ ló kù, owó ńlá, ìgbà gígùn. Ẹ béèrè fún Attendance Allowance, owó ìrànwọ́ fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú, wọn kì í wo iye tẹ́ ẹ ní ní báǹkì kí wọ́n tó fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú wọn gan-an lẹ́tọ̀ọ́ sí kí council, ìjọba ìbílẹ̀ yín, wá ṣe àyẹ̀wò ohun tẹ́ ẹ nílò, òfin England tó ń jẹ́ Care Act 2014 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ò béèrè torí a ní ìyá wa ni, kì í ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ ni. Àmọ́ o, bó bá jẹ́ visa àbẹ̀wò ni Mama bá wọlé, ẹ rí lọ́yà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú èyí.

Ẹ̀yin ti Nàìjíríà náà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé, ẹ jọ̀ọ́. Ìka ọwọ́ ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra ló rọrùn jù láti tẹ̀ mọ́ ìwé. Ẹ pe lọ́yà àti ẹbí jókòó nígbà tí ojú ṣì mọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo dán ti pọ́ọ̀sì wò. Ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta wọ́n fi méjèèjì pamọ́ lol.

Mo wá fẹ́ béèrè nǹkan kan tó ń dà mí láàmú. Bàbá mi kú ní 2011. Tí màmá mi bá béèrè wọn, mo máa ń sọ òótọ́ pé wọ́n ti kú. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, wọ́n á ká ọwọ́ lérí, wọ́n á sunkún ọ̀tun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo túfọ̀ bàbá mi fún wọn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ṣé kí n wá purọ́ ni?

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Purọ́ jàre. "Wọ́n lọ sóko, wọ́n ń bọ̀." Ọlọ́run mọ ọkàn.

Alhaji_Ṣakí

Èmi ò lè purọ́, ẹ má bínú, irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ti òní, ti ọ̀la á rọrùn fún un.

Tísà_Túndé_Àkúrẹ́

Èyí tí mo ń ṣe wà láàárín. Mi ò ní wọ́n ń bọ̀, mi ò ní wọ́n ti kú. Mo máa béèrè pé "Màámi, irú ọbẹ̀ wo ni Bàbá fẹ́ràn?" Wọ́n á bẹ̀rẹ̀: ọbẹ̀ ilá, pẹ̀lú panla, Bàbá ò fẹ́ ata púpọ̀. Wọ́n á sọ ọ́ fún wákàtí kan. Bàbá ti wá, Bàbá ti lọ, mi ò purọ́. Wọn kì í fẹ́ mọ ibi tí Bàbá wà, wọ́n fẹ́ kí wọ́n wà nítòsí ni. Ti ilé bàbá wọn ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ pé "ilé yín rè é". Ẹ bá wọn gbé ẹrù, ẹ jọ rìn yí ilé ká, ẹ máa béèrè ẹni tó wà nílé, kí ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi máa yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní ó rẹ àwọn, ẹ jẹ́ ká wọlé.

Alhaji_Ṣakí

Ìyẹn dáa. Mo gba ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà_Maryland

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ́ mi lẹ́nu, èmi ni irú ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun yẹn. Èmi náà ń fowó ránṣẹ́, mo rò pé mo ti ṣe tèmi. Ìgbà tí mo bá pe fídíò, ìbéèrè kan náà ni mo ń bi màmá mi: "Màámi, ṣé ẹ dá mi mọ̀? Ta ni mí?" Tí wọ́n bá pe orúkọ míì, mo máa sọ fún àbúrò mi pé kò tọ́jú wọn dáadáa. Mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọdún méjì ni mo fi ń sọ ọ́.

Ìgbà tí mo wá sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo mọ̀. Ọjọ́ kẹrin, mo jókòó nínú mọ́tò nínú ọgbà, mo ti ilẹ̀kùn, mi ò fẹ́ wọlé mọ́. Ọjọ́ kẹrin péré. Àbúrò mi ti ṣe é fún ọjọ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún méje.

Torí náà Àbẹ̀kẹ́, má ṣe máa ròyìn fún wọn pé "Màámi wà dáadáa" mọ́. Ìwọ lò ń fi ẹnu ara rẹ dá ara rẹ lóró. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà tó o jí, iye ìgbà tó o pààrọ̀ aṣọ, iye wákàtí tó o sùn, fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Kí owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sì ní orúkọ: èyí jẹ́ ti ẹni tó ń wá jókòó tì wọ́n ní Sátidé, èyí jẹ́ ti Pampers, èyí jẹ́ ti ìwọ fúnra rẹ. Ẹni tó wà lókè òkun lè ṣe nǹkan míì náà yàtọ̀ sí owó. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ yín, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa. Mo máa ń pe màmá mi ní àkókò yẹn gan-an, mo máa ń kì wọ́n lóríkì, àbúrò mi á fi lọ wẹ̀. Èmi kì í béèrè ta ni mí mọ́. Mo máa ń ní "Màámi, èmi ọmọ yín Délé ni".

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Délé, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Oríkì yẹn, mo ti rí i lójú mi ní wọ́ọ̀dù. Ìyá tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, tí wọ́n bá pè é ní Àṣàkẹ́, tí wọ́n bá kì í débi ìran bàbá rẹ̀, ọrùn rẹ̀ á nà. Wọ́n ò kọ ọ́ sínú ìwé oògùn kankan, àmọ́ ẹ máa lò ó.

Kí n sì sọ fún Àbẹ̀kẹ́: ìgbà wo lo wọn ẹ̀jẹ̀ rírú tìrẹ gbẹ̀yìn? WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń tọ́jú àwọn tó ní àìsàn yìí ń fi bíi wákàtí márùn-ún ṣe é lóòjọ́, àwa obìnrin la sì ń ṣe ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí yẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá

Wákàtí márùn-ún kẹ̀? Níbo nìyẹn, kí n kó ẹrù mi wá síbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

😂😂 Mo fẹ́ kú o.

Àmọ́ òótọ́ ni nọ́ọ̀sì ń sọ. Èmi, ìgbà tí mo dákú ní ọjà ni mo tó mọ̀ pé tèmi ti lọ sí 190. Ohun tó gbà mí là kì í ṣe nǹkan ńlá. Ọmọ ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló ń wá ní ọjọ́ Tuesday àti Sátidé, a ń fún un lówó, mo máa bọ́ sí ìta, kì í ṣe ọjà, kì í ṣe ìpàdé, mo kàn máa lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ, mi ò ní ṣe nǹkankan, a ó máa sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn. Ìgbà tí inú bá sì ń bí mi nílé, tí mo rí i pé ọwọ́ mi fẹ́ lọ, mo máa rí i pé wọ́n jókòó síbi tí wọn ò ti lè ṣubú, mo máa jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo máa ka òkúta. Òkúta gidi o. Mo máa kà á dé ogójì. Wọ́n lè pariwo, ariwo ò pa ẹnikẹ́ni.

Àti pé wọn kì í ṣe ọmọdé tán pátápátá. Fún wọn níṣẹ́. Ẹ̀wà ṣíṣà, ẹ̀gúsí bíbó, aṣọ kíká. Tí wọ́n bá tú u, ẹ tún un fún wọn kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Tìrẹ tó jẹ́ tíṣà, fún wọn ní ìwé àti bírò pupa.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn kíá kí wọ́n tó jí.

Bírò pupa! Ẹni tó sọ ọ́ yẹn, Ọlọ́run á fún ẹ ní ọmọ ọmọ. Mo kó àwọn ìwé ìṣirò àwọn ọmọ àdúgbò wa tó ti gbó fún wọn, láàárọ̀ títí di ọ̀sán ni wọ́n ń máàkì. Gbogbo wọn ló gba òdo. Wọ́n kọ "Lọ pe bàbá rẹ wá" sí ìdí ìwé kan.

A lọ sí UCH. Vitamin wọn kéré, wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ báyìí, kì í ṣe pé iyè padà, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn le díẹ̀ sí i. Mo kọ ti ọ̀sẹ̀ kan sórí WhatsApp bí Ẹ̀gbọ́n Maryland ṣe wí. Àǹtí mi ò dáhùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pè, kò sọ̀rọ̀, ẹkún ló ń sun. Òun ló ń pe fídíò ní ìrọ̀lẹ́ báyìí. Bọ̀ọ̀dá mi ṣì ń ní kí n wá ọmọ ọ̀dọ̀ sí i, ó dáa, a ti rí ìyá kan tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì Ajíhìnrere náà wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n se ọbẹ̀ sílẹ̀. Mo sùn fún wákàtí mẹ́jọ ní Sátidé yẹn, mo jí, mo rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ṣì ń pè mí lólè. Àná wọ́n pè mí ní ìyá wọn, mo fẹ́ràn ti olè ju ìyẹn lọ.

Alábẹ̀bẹ̀_Èkó

Ẹ jọ̀ọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí, bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóru, kí lẹ ń ṣe sí ilẹ̀kùn? Ẹ̀rọ tó ń dún tí mo rà, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n, wọ́n fẹ́ fi igi fọ́ ọ.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ yọ ọ́ kúrò. Kọ́tìnnì tí àwọ̀ rẹ̀ bá ògiri mu ni kẹ́ ẹ ta bo ilẹ̀kùn, kí iná kékeré máa tàn ní ọ̀nà ilé ìtọ̀, torí nígbà míì ilé ìtọ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹ pa gáàsì láti ẹnu sílíńdà lálaalẹ́. Ní tèmi, ṣaworo ni mo so mọ́ ilẹ̀kùn, irú èyí tó máa ń wà lára ìlù, mo rà á lọ́dọ̀ onílù kan ní Ọ̀jẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá ti mì, mo ti jí. Ó ní wàhálà tirẹ̀ o. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, mo ń sáré dìde ní gbogbo ìgbà. Ìgbà keje ni mo tó rí i pé wọn ò jáde lọ síbì kankan. Wọ́n di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń mì ín, wọ́n ń jó.